Ooru Pẹ̀lẹ́ Fún Ohun Mímu: Ẹ̀kọ́ Fún Ẹni Tó Fẹ́ Rọ Ọjà Rẹ̀ Sínú Ìgò

 

Ẹ̀kọ́ ti oṣù yìí wà fún ẹni tó ń ta zóbò, omi ọsàn, omi ọ̀pẹ òyìnbó, ẹmu, wàrà sọ́yà tàbí omi òfíò, tó sì ń rò ó lọ́kàn pé òun fẹ́ kúrò ní ọjà tí à ń pọn láàárọ̀ tí à ń tà tán nírọ̀lẹ́, kí òun máa rọ ọ́ sínú ìgò tí yóò dúró lórí àtẹ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ó wà fún ìgbìmọ̀ tó ń yẹ ìwé ìyáwó wò pẹ̀lú. Owó tí a ń yá ara wa fún irú iṣẹ́ báyìí, owó àjẹṣẹ́kù gbogbo wa ni. Bí igba ìgò bá hó dànù lórí àtẹ, kì í ṣe ẹni tó pọn ọ́n nìkan ló pàdánù. Bí ọmọ ọlọ́mọ bá sì mu ún tó ṣàìsàn, ọ̀rọ̀ ti kọjá owó nìyẹn.

Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọ̀rọ̀ ohun mímu ẹlẹgẹ́ àti iná. Ṣùgbọ́n ẹ̀sọ̀ náà ní òfin tirẹ̀. Ohun tí a fẹ́ kí olúkúlùkù mú lọ sílé nínú ẹ̀kọ́ yìí kò ju ẹyọ kan lọ: kí a tó béèrè pé “Báwo ni yóò ṣe gbóná tó?”, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ béèrè pé “Báwo ló ṣe kan tó?”

1. Kí ni à ń pè ní ooru pẹ̀lẹ́?

Bí a bá gbé omi ọsàn ka iná, tí a jẹ́ kó hó fún ìdajì wákàtí, ọ̀pọ̀ kòkòrò inú rẹ̀ á kú lóòótọ́. Ṣùgbọ́n kì í ṣe omi ọsàn mọ́. Àwọ̀ rẹ̀ á ṣú, òórùn rẹ̀ á yí padà, fítámínì C inú rẹ̀ á dínkù, oníbàárà á tọ́ ọ wò lẹ́ẹ̀kan, á sì gbé e sílẹ̀. Ooru pẹ̀lẹ́ ni ooru tí a fi ìwọ̀n àti aago ṣọ́, tó tó láti pa kòkòrò tó lè pa ènìyàn lára tàbí tó lè ba ọjà jẹ́, tí kò sì pọ̀ débi tí yóò fi ba adùn jẹ́.

Ìmọ̀ yìí ti pẹ́. Ní 1810, ìjọba ilẹ̀ Faransé fún ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Nicolas Appert ní 12,000 franc nítorí pé ó rí ọ̀nà tí oúnjẹ fi lè pẹ́: ó ń kó oúnjẹ sínú ìgò, ó ń dé e pinpin, ó sì ń sè é nínú omi híhó. Appert mọ̀ ọ́n ṣe, ṣùgbọ́n kò mọ ìdí rẹ̀, nítorí kò tíì sí ẹni tó mọ̀ nígbà náà pé kòkòrò àìfojúrí ló ń ba oúnjẹ jẹ́. Ní 1863, Napoleon Kẹta, ọba ilẹ̀ Faransé, ní kí Louis Pasteur wádìí ohun tó ń ba wáìnì wọn jẹ́. Pasteur rí i pé kòkòrò ni. Ó tún rí i pé kò sí ìdí láti se wáìnì: bí a bá mú un gbóná dé bí 50 sí 60°C, kòkòrò wọ̀nyẹn á kú, adùn wáìnì á sì dúró. Orúkọ rẹ̀ ni àwọn Òyìnbó fi ń pe iṣẹ́ náà títí di òní.

(Fún ẹni tí kò bá lò ó rí: lórí òṣùwọ̀n tí à ń kọ báyìí, °C, omi dídì wà ní 0, omi híhó wà ní 100.)

Kò sì jìnnà sí wa. Ilé-iṣẹ́ International Breweries, tí Olóyè Lawrence Omole dá sílẹ̀ ní 1971, bẹ̀rẹ̀ sí pọn ọtí Trophy ní Ìléṣà ní December 1978. Ní ilé-iṣẹ́ bíà káàkiri ayé, ọ̀nà tí wọ́n sábà máa ń gbà tọ́jú bíà inú ìgò ni pé lẹ́yìn tí wọ́n bá ti dé ìgò tán, wọ́n á jẹ́ kó gba abẹ́ omi gbígbóná tó ń rọ̀ lé e lórí kọjá. Ìgò á máa gbóná díẹ̀díẹ̀ títí bíà inú rẹ̀ á fi tó bí 60°C, á sì tún máa tutù díẹ̀díẹ̀ kó tó jáde. Bíà kò hó rárá, síbẹ̀ ó ń pẹ́ lórí àtẹ.

2. Ooru àti àkókò: ọmọ ìyá ni wọ́n

Kòkòrò kì í kú lẹ́ẹ̀kan náà bí ẹni pa iná. Ìpín kan náà ló máa ń kú ní àkókò kan náà. Ká fi ṣe àpẹẹrẹ pé mílíọ̀nù kan kòkòrò wà nínú ìgò kan, àti pé ooru tí a lò ń pa mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú 1, á ku 100,000. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú 2, á ku 10,000. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú 3, á ku 1,000. Ó di ìṣẹ́jú 6 kó tó ku ẹyọ kan.

Ẹ wo ohun tí ìṣirò yìí ń kọ́ wa. Bí ẹnìkejì bá fọ ọsàn rẹ̀ dáadáa, tó fọ ọwọ́, tó fi omi híhó ṣan abọ́ àti asẹ́, tó jẹ́ pé 1,000 péré ni kòkòrò inú ìgò tirẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, ìṣẹ́jú 3 ló máa lò kó tó kan ibi tí ẹni àkọ́kọ́ dé ní ìṣẹ́jú 6. Ìmọ́tótó dín gáàsì kù, ó sì dá adùn sí. Ọsàn tó ti jẹrà lábẹ́ igi kò dára fún ìgò, iná kankan kò sì lè sọ ọ́ di tuntun.

Ẹ̀kọ́ kejì: bí ooru bá lọ sókè díẹ̀, àkókò á já wálẹ̀ gan-an. Wàrà màlúù ló fi èyí hàn jù. A lè mú un gbóná dé 63°C fún ìṣẹ́jú 30, tàbí dé 72°C fún ìṣẹ́jú àáyá 15 péré. Àwọn méjèèjì ló gbà. Àwọn oníbíà ní òṣùwọ̀n tiwọn. Ìṣẹ́jú kan ní 60°C ni wọ́n ń kà sí ẹyọ kan. Bí ooru bá fi 7 lé sí i, iṣẹ́ náà á di ìlọ́po mẹ́wàá. Nítorí náà ìṣẹ́jú kan ní 67°C jẹ́ ẹyọ 10. Bí ó bá sì fi 7 dín, tó jẹ́ 53°C, ìṣẹ́jú 10 gbáko ni yóò tó jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo. Ṣé ẹ rí i pé ẹni tó ń fi ọwọ́ tọ́ ìkòkò wò, tó ní “ó ti gbóná tó”, kò mọ ohun tó ń ṣe? Ọwọ́ kò lè mọ ìyàtọ̀ 53 sí 60.

Ẹ̀kọ́ kẹta ló máa ń ya ènìyàn lẹ́nu. Ìbàjẹ́ adùn àti fítámínì kì í sáré pẹ̀lú ooru bí ikú kòkòrò ṣe ń sáré. Kí ìbàjẹ́ adùn tó di ìlọ́po mẹ́wàá, ooru máa ń fi bí 25 sí 30 lé sí i. Ti ọ̀pọ̀ kòkòrò kò ju bí 5 sí 10 lọ. Nípa bẹ́ẹ̀, ooru tó ga fún ìgbà kúkúrú sábà máa ń dá adùn sí ju ooru kékeré tó pẹ́ lọ. Pẹ̀lẹ́ kò túmọ̀ sí ìlọ́wọ́ọ́wọ́. Ohun tó túmọ̀ sí ni kí á má lò ju bó ṣe yẹ lọ.

Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra o. Ẹ má mú òṣùwọ̀n oníbíà lọ sórí zóbò tàbí sọ́yà. Bíà ní ọtí, ó ní gáàsì, ó ní ewé kíkorò tí wọ́n fi ń pọn ọ́n, ó sì kan díẹ̀. Gbogbo ìwọ̀nyí ń bá ooru ṣiṣẹ́. Ohun mímu kọ̀ọ̀kan ló ní ìwà tirẹ̀.

3. Ìbéèrè àkọ́kọ́: báwo ló ṣe kan tó?

Àwọn kòkòrò kan wà tó máa ń ká ara wọn jọ bí irúgbìn inú èèpo líle. Omi híhó kì í pa wọ́n. Wọ́n á sùn síbẹ̀. Nígbà tí ohun mímu bá tutù, tí a ti dé ìgò pinpin, tí afẹ́fẹ́ kò sí níbẹ̀, wọ́n á jí, wọ́n á sì máa hù. Èyí tó burú jù nínú wọn ni èyí tó ń pèsè májèlé àrùn botulism, tó ń rọ iṣan ènìyàn títí kan èyí tí à ń fi mí. Kò pọn dandan kí ìgò náà rùn, kò sì pọn dandan kó hó. Ẹni tó ń mu ún lè má mọ̀.

Ohun tí Ọlọ́run fi ṣíjú àánú wò wá ni pé kòkòrò yìí kò lè hù nínú ohun tó kan. Òṣùwọ̀n kíkan ni wọ́n ń pè ní pH. Ó bẹ̀rẹ̀ láti 0 dé 14. Bí nọ́ńbà bá ṣe kéré tó ni nǹkan ṣe kan tó. Omi lásán wà ní bí 7. Ààlà tí wọ́n sábà máa ń lò ni 4.6. Ohun tó bá wà lókè 4.6, ooru pẹ̀lẹ́ nìkan kò lè sọ ọ́ di ohun tí à ń tò sórí àtẹ. Ẹ jẹ́ ká to ọjà wa sí ọ̀wọ́ mẹ́ta:

Ọ̀wọ́ kìn-ín-ní, àwọn tó kan dáadáa: zóbò (omi ìṣápá pupa), ọsàn wẹ́wẹ́, ọ̀pọ̀ omi ọsàn, ọ̀pẹ òyìnbó. Àwọn wọ̀nyí ni ooru pẹ̀lẹ́ bá lára mu jù lọ.

Ọ̀wọ́ kejì, àwọn tó wà lẹ́bàá ààlà tàbí tó ń yí padà: tòmátò, kúnnú, ẹmu. Àfi kí á wọn ìkòkò kọ̀ọ̀kan.

Ọ̀wọ́ kẹta, àwọn tí kò kan: wàrà sọ́yà, omi òfíò (èyí tí àwọn Hausa ń pè ní aya), wàrà màlúù, ìbẹ́pẹ, wọ́tàmẹ́lọ̀n, káróòtì, omi àgbọn. A lè fi ooru pẹ̀lẹ́ pa kòkòrò àìsàn inú wọn, ṣùgbọ́n inú fíríìjì ni wọ́n gbọ́dọ̀ wà, ní 4°C tàbí kó má jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí wọ́n sì tán láàárín ọjọ́ díẹ̀.

Bí ènìyàn bá fẹ́ kí ọ̀wọ́ kẹta dúró lórí àtẹ láìsí fíríìjì, ooru tí a nílò máa ń tó 121°C fún bí ìṣẹ́jú 3 ní ibi tó tutù jù nínú ìgò. Ìkòkò lásán kò lè débẹ̀, nítorí omi inú rẹ̀ kì í kọjá 100. Ẹ̀rọ tó ń fi agbára há ooru mọ́ ló lè ṣe é, ẹni tó kọ́ iṣẹ́ náà ló sì gbọ́dọ̀ wà nídìí rẹ̀. Ní ìlú tí iná mọ̀nàmọ́ná ti ń lọ tó ń bọ̀ bíi tiwa, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ fún ara wa: ẹni tó bá fẹ́ rọ òfíò sínú ìgò láti tà ní Ọjà Àtàkúnmọ̀sà tàbí ní Ìgbọ̀nà gbọ́dọ̀ ti mọ ibi tí yìnyín rẹ̀ yóò ti máa wá kó tó ra ìgò.

Ọ̀rọ̀ wàrà sọ́yà tún yàtọ̀ díẹ̀. Sọ́yà tútù ní ohun kan nínú tí kì í jẹ́ kí ara lo èròjà tó ń mú ara dàgbà. Híhó gidi ló ń ṣẹ́gun rẹ̀. Nítorí náà ẹ má fi ooru pẹ̀lẹ́ ṣe wàrà sọ́yà. Ẹ sè é dáadáa fún bí ìṣẹ́jú 20, kí ẹ tó sáré mú un tutù.

4. Ẹ̀kọ́ méjì láti ilẹ̀ Amẹ́ríkà

Ẹnìkan lè ní, “Tiwa kan, kí la tún ń fi iná ṣe sí?” Ní October 1996, omi èso ápù tí wọn kò fi iná kàn, tó sì kan dáadáa, kó àìsàn bá ọ̀pọ̀ ènìyàn ní apá ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà àti ní Kánádà. Ọmọdé kan tí kò tíì pé ọdún méjì kú. Kòkòrò ìgbẹ́ ẹran, èyí tí wọ́n ń pè ní E. coli, ló wà nínú rẹ̀. Kíkan kò pa á. Ìwọ̀nba ooru tó mọ níwọ̀n ì bá ti pa á.

Ẹlòmíràn lè ní, “Tiwa ti rí iná, ó ti tán nìyẹn.” Ní 2006, ènìyàn mẹ́fà, mẹ́rin ní Amẹ́ríkà àti méjì ní Kánádà, ní àrùn botulism lẹ́yìn tí wọ́n mu omi káróòtì. Wọ́n ti fi ooru pẹ̀lẹ́ tọ́jú omi káróòtì náà ní ilé-iṣẹ́. Ṣùgbọ́n káróòtì kò kan, ohun tí wọ́n sì rí nígbà ìwádìí ni pé ó jọ pé ìgò náà ti wà níta fíríìjì. Ooru ti lé àwọn kòkòrò yòókù lọ, àyè wá gba èyí tó sùn.

Àwọn méjèèjì ló kọ́ wa pé kíkan láìsí ooru kò tó, ooru láìsí kíkan kò tó àyàfi tí òtútù bá tẹ̀ lé e.

5. Ẹmu ńkọ́?

Ní Ìjẹ̀ṣà, a kò lè sọ̀rọ̀ ohun mímu kí á fo ẹmu dá. Bí ẹmu ti ń kán láti ara ọ̀pẹ tàbí ògùrọ̀, omi ṣúgà ni, kò tíì kan. Láàárín wákàtí díẹ̀, ìwúkàrà tó wà nínú akèrègbè á ti máa sọ ṣúgà di ọtí àti gáàsì, àwọn kòkòrò mìíràn á sì máa mú un kan. Gáàsì yẹn ló ń fọ́ ìgò tí a bá dé pa láìfi iná kàn án. Ilé-ẹ̀kọ́ ìwádìí FIIRO ní Oṣòdì, tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 1956, àti NIFOR, ilé ìwádìí ọ̀pẹ tó wà lẹ́bàá Bìní, ti ṣiṣẹ́ lórí bí a ṣe ń rọ ẹmu sínú ìgò, wọ́n sì ti fi hàn pé ó ṣeé ṣe. Sísẹ́ rẹ̀, rírọ rẹ̀ sínú ìgò, dídé e, àti ooru pẹ̀lẹ́ nínú ìgò náà ni ọ̀nà rẹ̀.

Ìṣòro kan tí ó yẹ kí ẹlẹ́mu mọ̀ ni pé ẹmu tí oníbàárà fẹ́ràn jù, èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kán tó dùn bí oyin, òun gan-an ni kò tíì kan. Ẹni tó bá yára fi iná kàn án láàárọ̀ kùtùkùtù, ó dá adùn sí lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó lè jẹ́ ohun tó wà lókè 4.6 ló dé mọ́ inú ìgò. Ẹni tó bá dúró jù, tirẹ̀ á ti kan jù. Nítorí náà, nínú iṣẹ́ ẹmu, òṣùwọ̀n pH ló ń sọ wákàtí tí a ó gbé e ka iná; kì í ṣe ojú, kì í ṣe ahọ́n.

6. Bí a ṣe ń ṣe é, fún ohun mímu tó kan

(a) Ẹ wọn pH lẹ́yìn tí ẹ bá ti po ohun gbogbo pọ̀ tán. Zóbò tí a fi wọ́tàmẹ́lọ̀n lú kì í ṣe zóbò ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Kí ó wà ní 4 tàbí kó kéré jù bẹ́ẹ̀, kí ààyè lè wà láàárín wa àti ààlà. Bí ó bá ga jù, omi ọsàn wẹ́wẹ́ lè mú un wálẹ̀. Ẹ tún un wọ̀n. Pépà tí à ń rì bọ inú omi kò dára fún zóbò, nítorí pupa zóbò á kùn ún, ẹ kò ní rí àwọ̀ tó yẹ kí ẹ rí. Ẹ̀rọ kékeré tó ń fi nọ́ńbà hàn ló dára.

(b) Ẹ ra tẹmọ́mítà tó lè ka 0 dé 110. Èyí tí àwọn nọ́ọ̀sì ń lò kò dé ju 42 lọ. Á fọ́ sínú ọjà yín. Ẹ dán tẹmọ́mítà wò: nínú yìnyín tó ń yọ́, kó ka 0, nínú omi híhó, kó ka bí 99, nítorí ilẹ̀ wa ga ju etí òkun lọ.

(d) Ọ̀nà méjì ló wà. Èkíní, ẹ mú ohun mímu gbóná nínú ìkòkò dé bí 85 sí 90°C, ẹ rọ ọ́ ní gbígbóná sínú ìgò gbígbóná tó mọ́, ẹ dé e, ẹ dojú rẹ̀ délẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú 3 kí ooru lè kan ọrùn ìgò àti ìdérí, ẹ sì mú un tutù. Èkejì, ẹ rọ ọ́, ẹ dé e, kí ẹ tó to ìgò sínú ìkòkò omi tí a tẹ́ aṣọ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, kí ẹ máa mú omi náà gbóná díẹ̀díẹ̀. Ẹ fi ààyè díẹ̀ sílẹ̀ lọ́rùn ìgò, nítorí ohun gbígbóná máa ń fẹ̀.

(e) Ní ọ̀nà kejì, ẹ má ka aago láti ìgbà tí omi ìkòkò bá gbóná. Ẹ ní ìgò kan tí ẹ kò dé, kí tẹmọ́mítà wà nínú rẹ̀. Nínú ohun mímu tó ṣàn, ibi tó máa ń tutù jù ni àárín, nítòsí ìdí ìgò. Ìgbà tí ibẹ̀ bá dé ooru tí a fẹ́ ni aago bẹ̀rẹ̀.

(ẹ) Ike tí wọ́n fi ń ta omi inú ìgò kò lè gba ooru. Bí ó bá ti ń súnmọ́ 70°C, á bẹ̀rẹ̀ sí ká kò. Ìgò dígí ni kí ẹ lò, tàbí ike tí wọ́n ṣe fún ohun gbígbóná. Ẹni tó bá dúró kí ó tutù kó tó rọ ọ́ sínú ike lásán ti jẹ́ kí kòkòrò tuntun wọlé. Tirẹ̀ di ohun inú fíríìjì.

(f) Ẹ mú un tutù kíákíá, ṣùgbọ́n ní ìpele ìpele: omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, lẹ́yìn náà omi tútù. Ìgò gbígbóná tó bá kan omi yìnyín á sán. Kí omi náà sì mọ́, nítorí bí ìgò ti ń tutù ló ń fa nǹkan wọlé láti ẹnu ìdérí tí kò bá le.

7. Ìdánwò kékeré kí ó tó di ọjà ńlá

Ẹ má fi ọgọ́rùn-ún ìgò bẹ̀rẹ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 24, láti inú ìkòkò kan náà tó kan dáadáa. Ẹ pín in sí mẹ́rin. Mẹ́fà àkọ́kọ́ kò rí iná rárá. Fíríìjì ni yóò wà, òun ni a ó fi ṣe àfiwé adùn ní ọjọ́ kejì. Mẹ́fà kejì, 75°C fún ìṣẹ́jú 15. Mẹ́fà kẹta, 80°C fún ìṣẹ́jú 10. Mẹ́fà ìkẹyìn, 90°C fún ìṣẹ́jú 2. Ẹ kọ déètì, pH, ooru àti ìṣẹ́jú sára ìgò kọ̀ọ̀kan. Ẹ to àwọn tó rí iná sínú páálí, kí wọ́n wà nínú yàrá lásán fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Kí ẹ máa wò wọ́n lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀: ṣé ìdérí wú? Ṣé ó ń hó? Ṣé nǹkan funfun hù lójú rẹ̀? Ṣé pH yí padà? Èyí tó bá wú tàbí tó hó, ẹ má tọ́ ọ wò. Ẹ dà á nù.

Fún adùn, ẹ má bi ọkọ tàbí aya yín, torí wọ́n á ní ó dùn. Ẹ pe ènìyàn 12. Ẹ fún olúkúlùkù ní ife mẹ́ta, méjì jẹ́ ọ̀kan náà, ọ̀kan yàtọ̀, ẹ má sọ èyí tó jẹ́ èwo. Kí wọ́n mú èyí tó yàtọ̀. Bí wọ́n bá kàn ń méfò, nǹkan bí ènìyàn 4 ló máa gbà á. Bí ènìyàn 8 tàbí jù bẹ́ẹ̀ bá gbà á, iná ti yí adùn padà lóòótọ́. Ẹ dín àkókò kù tàbí kí ẹ yí ọ̀nà padà. Bí kò bá tó bẹ́ẹ̀, ìyàtọ̀ náà kò hàn sí ọ̀pọ̀ ènìyàn.

Ìdánwò ilé yìí wà fún ọ̀wọ́ kìn-ín-ní nìkan o. Ohun tí kò kan, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tò ó sí yàrá kí ó tún tọ́ ọ wò lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Nípa ti èyí, ẹ lọ bá àwọn tó kọ́ṣẹ́ rẹ̀, bíi FIIRO tàbí ẹ̀ka ẹ̀kọ́ nípa oúnjẹ ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ifẹ̀, tí kò jìnnà sí Ìléṣà. Àní ọ̀wọ́ kìn-ín-ní pàápàá, kí ilé àyẹ̀wò rí i kó tó di ọjà, nítorí NAFDAC, tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 1993, ló ń forúkọ oúnjẹ àti ohun mímu tí a dì fún títà sílẹ̀. Ìwé àkọsílẹ̀ yín láti ọjọ́ àkọ́kọ́ á wúlò fún yín níbẹ̀.

8. Ọ̀rọ̀ owó

Àbá wa fún ìgbìmọ̀ ìyáwó ni pé kí ìyáwó fún ohun mímu inú ìgò máa jẹ́ ìpele méjì. Ìpele kìn-ín-ní, owó kékeré fún tẹmọ́mítà, òṣùwọ̀n pH àti ìgò 24. Ìpele kejì, owó ìgò, kọ́kì àti ìkòkò ńlá, lẹ́yìn tí ọmọ ẹgbẹ́ bá ti mú ìwé àkọsílẹ̀ ọ̀sẹ̀ mẹ́rin wá. Bí a bá fi ìgò 24 kẹ́kọ̀ọ́ tí gbogbo rẹ̀ bàjẹ́, a ṣì lè rẹ́rìn-ín sí i. Bí ó bá jẹ́ 1,000 ni, tí owó wọn jẹ́ owó ẹgbẹ́, kò ní sí ẹni tó máa rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rọ méjèèjì yẹn pàápàá, ẹgbẹ́ lè ra ẹyọ kọ̀ọ̀kan kí á máa yá a lò láti ọ̀dọ̀ ara wa. Kí ni ẹgbẹ́ wà fún bí kì í bá ṣe irú èyí?

Ìbéèrè fún ìjíròrò ní ìpàdé

1. Kí nìdí tí ìṣẹ́jú àáyá 15 ní 72°C fi lè ṣe iṣẹ́ tí ìṣẹ́jú 30 ní 63°C ń ṣe, kí sì nìdí tó fi lè dá adùn sí jù?

2. Arábìnrin kan fẹ́ rọ omi ọ̀pẹ òyìnbó tó lú pọ̀ mọ́ káróòtì sínú ìgò. Kí ni ohun àkọ́kọ́ tó yẹ kó ṣe?

3. Irú ike wo ni ẹ̀ ń lò lọ́wọ́lọ́wọ́? Ṣé ó lè gba 85°C?

4. Nínú ọjà tí ẹ̀ ń tà, èwo ló wà ní ọ̀wọ́ kẹta, báwo sì ni òtútù rẹ̀ yóò ṣe dúró títí dé ọwọ́ ẹni tó máa mu ún?

5. Ṣé ẹ fọwọ́ sí ìyáwó ìpele méjì? Ẹ mú èrò yín wá sí ìpàdé.

Kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ka ẹ̀kọ́ yìí sókè fún àwọn tí kò lè kà á.